Rọ́bà Tó Há Sínú Bọ́ọ̀lù Wàsílátù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Wàsílátù nígbà tó ń lọ ata ní àdúgbò Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú pé bọ́ọ̀lù ni yóò máa fi wá jíjẹ mímu lọ́jọ́ iwájú, bóyá ni kò ní da omi ata sí onítọ̀hún lójú. Ẹni tó ń lọ ata kì í ráyè ẹ̀fẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn oníbàárà á ti to abọ́ sílẹ̀, oníkálukú á ní tòun ló kàn, ẹ̀rọ á máa bú ramúramù, èéfín á máa wọ imú. Òun náà á dúró gangan láàárín wọn, á máa fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí i. Ẹnu rẹ̀ mú, kí á má parọ́. Àmọ́ ẹnu tó mú yẹn náà ló fi ń jà fún oúnjẹ ọmọ rẹ̀ méjèèjì àti ti ìyá ọkọ rẹ̀, láti ìgbà tí Ajíbóyè ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ìyá ọkọ yìí, Màmá Kúlúsúmù, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣakí ni gbogbo wọn ti wá gba yàrá ní Ìkòròdú. Nígbà tí Ajíbóyè kú, àwọn ará ilé ní kí Màmá máa bọ̀ nílé, pé kí ni wọ́n tún ń wá létí ọ̀sà. Màmá ní ìyàwó àwọn ń bẹ níbẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ àwọn ń bẹ níbẹ̀, ilé wo ló tún wá kù? Wọ́n jókòó sí Lásúnwọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ti Ṣakí bọ̀ ni òrí. Bí òrí bá ti dé, Màmá á gún kánfọ̀ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ ọn, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà, ó di oògùn gbogbo nǹkan nìyẹn.

Kò sì sí nǹkan náà tí Màmá kì í fi òrí pa. Ọmọ ń húkọ́, òrí ni. Ilẹ̀kùn ń ké, òrí ni. Àgádágodo kọ̀ kò ṣí, òrí ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá fẹ́ rìnrìn àjò tó jìnnà, wọ́n á fi pa á ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ṣe bisimilá, wọ́n á ní kí ohun gbogbo tó bá le kó rọ̀ fún un. Àwọn ará ilé tó jẹ́ ọmọ Ìkòròdú, tó jẹ́ àdín ni wọ́n mọ̀ ní tiwọn, a máa fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá jókòó pẹ́ níbì kan, òrí ni wọn yóò fi pa àga. Wàsílátù náà a máa rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ ní ibi iṣẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ata ló lé Wàsílátù kúrò nídìí ata lílọ̀. Ó já lọ́jọ́ kan, ó sì gbá a ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Egungun ò kán, àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ooru bá mú tàbí bí inú bá bí i, àtàǹpàkò yẹn á wú títí awọ rẹ̀ á fi máa dán. Ó wáṣẹ́ káàkiri Ìkòròdú, kò rí. Níkẹyìn ló rí iṣẹ́ ìmọ́tótó sí ilé ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sétí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fojú kan bóólìn.

Bọ́ọ̀lù bóólìn kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ń gbá ní pápá o. Ó wúwo ju ìkòkò omi lọ, ihò mẹ́ta ló sì wà lára rẹ̀: ìka méjì ń wọ méjì, àtàǹpàkò ń wọ ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń ṣe é á gbé e, á sáré díẹ̀, á sì yí i lọ lórí pákó gígùn kan tó ń dán, kó lè lọ wó àwọn igi funfun mẹ́wàá tó tò sí ìparí pákó náà. Ajíbọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì tó wá to àwọn pákó náà, ló ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa yí bọ́ọ̀lù kó lè mọ̀ bóyá pákó tẹ́jú. Gbogbo wọn yí i. Ìgbà tó kan Wàsílátù, ó gbé bọ́ọ̀lù bí ẹní gbé bàsíà ata, ó yí i, igi funfun kan ò ṣẹ́kù ní ìdúró. Ajíbọ́lá ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Apá tó ti ń gbé bàsíà ata láti ọjọ́ yìí wá kò mọ̀ pé eré ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ṣe.

Àtàǹpàkò yẹn nìkan ni ìṣòro. Bí ihò àtàǹpàkò bá fẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù á já bọ́ kó tó yẹ kó já. Bó bá há jù, kò ní fi ọwọ́ sílẹ̀, á sì lè yọ àtàǹpàkò ní oríkèé. Ajíbọ́lá wá bá a gbẹ́ bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó lẹ ike líle kan mọ́ inú ihò àtàǹpàkò, ó sì ṣe rọ́bà méjì tó ń wọnú ike náà tó sì ń jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ láàárín. Funfun há, dúdú fẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá tẹ́ẹ́rẹ́, funfun ni. Bó bá wú, dúdú ni. Ènìyàn á ki ìka bọ rọ́bà, á yí i díẹ̀ sí òsì, á gbọ́ “kọ́”, á sì fà á yọ. Kí Ajíbọ́lá tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ó kìlọ̀ fún un pé bó bá há lọ́jọ́ kan, kó má fi òòlù kàn án, kó má fi irin yọ ọ́ o, nítorí bí ike yẹn bá là, bọ́ọ̀lù náà ti di òkúta lásán. Ó ní nǹkan tó bá há, kó fi ooru bẹ̀ ẹ́.

Báyìí ni Wàsílátù ṣe di ẹni tó ń fi bóólìn han àwọn àlejò. Òun àti Látífà ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́ gidi, ọmọ àwọn apẹja, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí ẹnu tirẹ̀ náà kì í ṣe ẹnu mímu omi nìkan. Látífà kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju “Àǹtí ará òkè” lọ. Wàsílátù á ní ẹja ló bí i. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ jẹun nínú abọ́ kan náà. Ẹ rántí abọ́ yẹn.

Ọdún 2006 ni wàhálà dé. Àlejò dínkù, ẹni tó ni ilé ìgbafẹ́ sì ní òun ò lè máa bọ́ olùkọ́ méjì mọ́. Máníjà ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú, pe àwọn obìnrin méjèèjì. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì yóò díje, wọn yóò ta bóólìn níwájú àwọn àlejò. Ẹni tó bá borí ni yóò dúró. Ẹnì kejì á gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì dúpẹ́, wọ́n jáde, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn títí di ìrọ̀lẹ́.

Kí Wàsílátù gba ilé lọ kẹ̀? Ilé wo? Ìdí ẹ̀rọ ata, pẹ̀lú àtàǹpàkò tí kò gba ooru mọ́ra? Ó ń rò ó nígbà tó ń lọ sílé lọ́jọ́ Fúráídè, ó ń rò ó nígbà tó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá ní Lásúnwọ̀n. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ náà, nítorí náà rọ́bà funfun ló wà nínú bọ́ọ̀lù. Màmá jókòó tì í. Wọ́n ní kó fi han àwọn, ó yí rọ́bà, ó yọ ọ́, ó dá a padà. Màmá ní ó ń ké díẹ̀, ṣé kò gbọ́ ọ? Wàsílátù ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó jáde lọ ṣàlùwàlá fún ìrun mágàríbà, ó kírun, ó bọ́ àwọn ọmọ, ó sùn. Kó tó jáde ní òwúrọ̀, Màmá fi òrí pa á ní àtẹ́lẹwọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n ṣàdúrà, ó ní àmín, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ nù kúrò kí bọ́ọ̀lù má bàa yọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi í jókòó sí nínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ tó wọ̀ ní Gáréèjì, bọ́ọ̀lù wà lórí itan rẹ̀, ooru ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, oòrùn ń ti fèrèsé bọ̀. Kí wọ́n tó dé Ìtóìkín, àtàǹpàkò ti ń wú. Kí wọ́n tó wọ Ẹ̀pẹ́, ó ti ń dán. Kò bà á lẹ́rù. Rọ́bà dúdú wà nínú báàgì rẹ̀. Bó bá dé ibẹ̀, kó ṣáà pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ó gbé bọ́ọ̀lù sínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, níbi tí éésì ti ń fẹ́ tí ènìyàn lè máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó lọ fọ ojú, ó pààrọ̀ aṣọ, ó jókòó fúngbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ló rí Látífà tó ń jáde nínú yàrá náà, tó ń nu ọwọ́ méjèèjì sí yẹ̀rì rẹ̀. Látífà kí i. Kò pè é ní ará òkè. Ó kàn kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àlejò ti jókòó. Máníjà ti dúró. Wàsílátù gbé bọ́ọ̀lù, ó fi páúdà pa ọwọ́, ó ki àtàǹpàkò bọ ihò. Kò wọ̀. Ó mọ̀ pé kò ní wọ̀. Ó ki ìka ìfábẹ̀lá bọ ọ́ láti yí rọ́bà funfun náà yọ, ó yí i sí òsì. Rọ́bà kò mira.

Ó tún un yí, kò mira. Ó da páúdà sí i kí ọwọ́ rẹ̀ lè dì í mú. Ó fi ìka méjì yí i, ó gbé bọ́ọ̀lù sáàárín orúnkún, ó fi gbogbo agbára apá rẹ̀ yí i, ẹni tó rí i á rò pé ó ń fún aṣọ tútù ni. Rọ́bà dúró bí ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rì mọ́lẹ̀. Òógùn bo Wàsílátù nínú éésì. Àtàǹpàkò tó ti wú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Máníjà wá gbìyànjú, kò lè yí i. Ó ní ṣé kò lè lo ọ̀kan lára àwọn bọ́ọ̀lù àlejò ni. Wàsílátù ní kò sí èyí tí ihò rẹ̀ bá ọwọ́ òun mu níbẹ̀, ó sì mọ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ti pàdánù iṣẹ́ nìyẹn kó tó yí bọ́ọ̀lù kan.

Ìgbà náà ló rántí ọwọ́ méjì tó ń nu ara wọn sí yẹ̀rì. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yẹn dùn lẹ́nu. Àìmọye aláìṣẹ̀ ló sì ti kó sí gbèsè rẹ̀.

“Ta ló fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mi?” Wàsílátù ní. Ohùn rẹ̀ ò ròkè.

“Èmi ni,” Látífà dáhùn. “Mo nù ún ni. Ó ń yọ̀ ni mo ṣe nù ún, kó má bàa já lé yín lẹ́sẹ̀.”

“Kí ló ń yọ̀ lára rẹ̀?”

“Nǹkan ọ̀rá kan ni. Èmi ò mọ̀.”

Gbogbo wọn wo bọ́ọ̀lù. Ó mọ́ tónítóní, ó gbẹ táútáú. Ọ̀rá dà? Wàsílátù wo ọmọbìnrin náà tààrà lójú, gbogbo ẹ̀rù tó ti ń pa mọ́ra láti ọjọ́ tí máníjà ti pè wọ́n sì di ìbínú. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní ẹni tó bá ń bá ènìyàn jẹun nínú abọ́ kan náà ló mọ ibi tí ẹran wà. Ó ní Látífà ti fi nǹkan sínú ihò àtàǹpàkò òun nítorí pé ó mọ̀ pé òun ò lè borí lójú mímọ́, pé olè ni, pé ẹni tó bá lè ba ọ̀nà oúnjẹ ọmọ aláìníbaba jẹ́ lè ṣe ohunkóhun. Kò pariwo. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kàn ń jáde tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹní ń to abọ́ ata. Látífà ní òun ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Ẹnu tó máa ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn dákẹ́ síbẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ìdákẹ́jẹ́ náà ti jẹ́wọ́ fún un.

Máníjà ò fẹ́ kí àwọn àlejò máa wo ìjà. Ó ṣe ìdájọ́ wéré. Ó ní èyí tó fọwọ́ kan nǹkan ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jáwèé fún ara rẹ̀. Ó ní kí mégádì bá Látífà lọ kó ẹrù rẹ̀. Ó yíjú sí Wàsílátù, ó ní iṣẹ́ ti di tirẹ̀, àmọ́ kó wá bí rọ́bà yẹn ṣe máa yọ kíákíá, kó yí bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí ìyẹn ni wọ́n bá wá.

Iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn tó. Wàsílátù gbé bọ́ọ̀lù lọ sí ilé ìdáná. Ó bọ táwẹ̀lì kékeré nínú omi gbígbóná, ó fún un, ó ká a, ó kì í bọ ihò rọ́bà funfun, ó sì fi èyí tó kù bo orí rẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ooru, bí Ajíbọ́lá ṣe sọ. Bó bá tutù, á tún un bọ. Láti ojú fèrèsé, ó ń rí Látífà tó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, tí mégádì ń rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni tó mú olè. Ó ní láti dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Ó yọ táwẹ̀lì, ó ki ìka bọ ọ́, ó yí i. Rọ́bà mira. Ó rọra yí i sí i, ó gbọ́ “kọ́”, ó fà á, rọ́bà funfun sì jáde sí i lọ́wọ́. Nǹkan funfun kan tó ti pò mọ́ páúdà lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yíká, ooru sì ti ń yọ́ ọ, ó ń ṣàn sí i ní ìka.

Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Òrí ni, òrí tó ní kánfọ̀ nínú.

Wàsílátù jókòó sórí àpótí kékeré kan. Òórùn yàrá rẹ̀ ní Lásúnwọ̀n nìyẹn, òórùn àyà àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń húkọ́, òórùn ilẹ̀kùn, òórùn àgádágodo, òórùn àtẹ́lẹwọ́ òun fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn. Ó ń ké díẹ̀, ṣé o ò gbọ́ ọ? Ó ti rí i báyìí bíi pé ó wà níbẹ̀: Màmá, lẹ́yìn tí òun ti jáde lọ ṣàlùwàlá, tí wọ́n yí rọ́bà yọ bí òun ṣe fi hàn wọ́n, tí wọ́n fi òrí yíyọ́ pa inú ike yíká, tí wọ́n dá rọ́bà padà, tí wọ́n ṣe bisimilá. Òrí wà ní yíyọ́ nínú ooru ọkọ̀. Èyí tó kún jáde ló ṣàn sára bọ́ọ̀lù, tí Látífà nù kúrò. Èyí tó kù nínú ihò ló dì nínú éésì, tí páúdà òun fúnra òun sì wá sọ di àmọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Òtítọ́ ni. Àwọn àgbà kàn gbàgbé láti sọ fún wa pé aṣeni náà lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹni jù lọ láyé.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa. Wàsílátù kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó. Alásè ti jáde, kò sí ẹni tó rí i. Omi gbígbóná wà níwájú rẹ̀, táwẹ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá nu rọ́bà yìí báyìí, òrí ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ á dúró. Ṣẹ̀rífátù ọmọ rẹ̀ àgbà á máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Látífà kéré, ọmọ onílẹ̀ ni, kò ní ṣaláìrí nǹkan ṣe. Ó tilẹ̀ gbé táwẹ̀lì náà sára rọ́bà. Ó ro Màmá, tí wọn yóò béèrè lálẹ́ bí ó ṣe lọ. Ó ro abọ́ tí òun àti ọmọbìnrin náà jọ ń jẹ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì sáré, pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́ tí òrí ń kán lára rẹ̀. Ó gba iwájú máníjà kọjá, ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, títí dé ẹnu géètì.

Látífà ti jáde síta, ó ń dúró de ọ̀kadà. Nígbà tó rí i, ó gbé báàgì sáyà.

Wàsílátù ò lè mí dáadáa. Ó na rọ́bà sí i. “Gbóòórùn rẹ̀,” ó ní.

Látífà tẹ orí ba. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un gbóòórùn.

“Kánfọ̀ wà níbẹ̀,” ó ní. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè. “Ṣé Màmá tí ẹ sọ pé wọ́n ń fi òrí pa ilẹ̀kùn nìyí?”

Wàsílátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀. Àgbà ni o, àgbà tó jù ú lọ dáadáa, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́nu géètì, níwájú mégádì àti àwọn ọlọ́kadà. Látífà ní kó dìde, kò dìde. Máníjà ti dé ẹ̀yìn wọn. Wàsílátù ò dìde títí ó fi sọ fún un pé láti ilé òun ni nǹkan ti wá, pé ọmọbìnrin yìí kò jí nǹkan kan, kò ba nǹkan kan jẹ́, pé ó nu bọ́ọ̀lù kó má bàa já lu òun lẹ́sẹ̀, bó ṣe sọ gẹ́lẹ́.

Ojú máníjà le. Ó ní àwọn méjèèjì ti dójú ti òun tó. Ó ní nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, kí Látífà wọlé, iṣẹ́ di tirẹ̀, kí Ìyá Ṣẹ̀rífátù máa lọ. Látífà ló kọ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ẹkún ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún òun. Ó ní àwọn á ta á.

Wọ́n ta á. Ó gbóná. Rọ́bà dúdú ti wà nínú bọ́ọ̀lù, ike inú ihò kò sì là. Bí Látífà bá wó igi mẹ́jọ, Wàsílátù á wó mẹ́sàn-án. Bí Wàsílátù bá wó gbogbo rẹ̀, Látífà náà á wó gbogbo rẹ̀. Àwọn àlejò dìde dúró. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò tó ti fi bá rọ́bà jà láti òwúrọ̀ ò yéé wú, ihò tó fẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Wàsílátù ní láti wó gbogbo igi. Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré, ó yí i, àtàǹpàkò sì dì í mú fún ìṣẹ́jú akàn. Bọ́ọ̀lù já, ó yà díẹ̀, ó wó wọn lọ pẹ̀lú ariwo. Igi kan mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì. Ó dúró.

Látífà ló borí, àmọ́ kò jó. Ó wá dì mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ sí i létí pé ẹja ló bí òun lóòótọ́, pé bí Àǹtí ará òkè bá tún wá sí Ẹ̀pẹ́, ilé àwọn ni kó ti jẹun. Ìgbà yẹn ni omi tó bọ́ lójú Wàsílátù.

Ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà sí Ìkòròdú. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Gáréèjì, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Màmá. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Ó ti rí ọ̀rọ̀ tó mú jọ: pé ta ló rán wọn níṣẹ́, pé ṣé gbogbo nǹkan ni ilẹ̀kùn, pé wọ́n ti fi òrí wọn pa òun lẹ́nu iṣẹ́, pé òun ti kúnlẹ̀ nínú eruku fún ọmọdé nítorí wọn. Kó tó wọ Lásúnwọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ti kún un lẹ́nu. Ẹyin sì lọ̀rọ̀. Ó ti fọ́ ọ̀kan lónìí.

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń wo òpópó láti ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá wo ojú rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó tì wọ́n.

“Wọn ò gbé iṣẹ́ náà fún mi, Màmá.”

Màmá wo àtàǹpàkò rẹ̀ tó pọ́n, wọ́n gbé e lé orí itan wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìgò òrí.

“Ìyàwó mi,” wọ́n ní, “mo fi díẹ̀ sínú ihò bọ́ọ̀lù yẹn lánàá, mi ò sọ fún ọ. Àbí èyí tí mo fi sí i ni kò tó?”

Wàsílátù wo ọwọ́ arúgbó tó wà lórí tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò láti Ẹ̀pẹ́ wá wà lẹ́nu rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọnù.

“Ó tó, Màmá,” ó ní. “Ó tó dáadáa.”

Ó na àtàǹpàkò náà sí wọn, kí wọ́n fi òrí pa á.